Wọ́n ní kí ọmọ mi ṣe ìyàwó Fábùnmi nínú eré ilé-ìwé, bàbá rẹ̀ ò gbà

Ìbéèrè: Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Ìjerò-Èkìtì. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, wà ní SS1 nílé-ìwé girama àwọn ọkùnrin, inú bọ́dìn ló sì ń gbé. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ní oṣù kìíní ló ti kó wọ ẹgbẹ́ mẹ́ta: ẹgbẹ́ eléré, ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn àti JETS, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní oṣù keje, lẹ́yìn ìdánwò, wọ́n fẹ́ ṣe eré Ogun Kírìjì, wọ́n sì ti ní ìyàwó Fábùnmi ni ọmọ náà máa ṣe. Bàbá fárígá. Ó ní òun ò rán ọmọkùnrin lọ sílé-ìwé kó lọ máa wé gèlè, àti pé WAEC kì í ṣe eré. Tíṣà tún ní kí òbí mú owó aṣọ wá. Ìyá ní: “Ṣé kí n jẹ́ kó ṣe é, àbí kí n gba ti bàbá rẹ̀ kílé lè tòrò?”

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, màmá. Ẹ bá mi kí bàbá wọn, kí ẹ sì sọ fún wọn pé mi ò kọ èyí láti bá wọn fa ọ̀rọ̀. Ọdún 26 ni mo fi ṣe tíṣà nílé-ìwé àwọn ọkùnrin ní Èkìtì níbí, èmi ni mo sì ń mójú tó ẹgbẹ́ eléré fún ọdún 19 nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ yìí, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá púpọ̀. Ìfẹ́ ọmọ ló ń sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ náà ṣe é. Ibì kan wà tí bàbá ti jàre, màá dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí wọ́n ní kó ṣe. Ìtàn tí wọ́n pa fún gbogbo wa nípa ogun náà ni pé Òkèmẹ̀sí ló ti ṣẹ́ná, láàárín 1877 sí 1878. Ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi síbẹ̀ fọwọ́ kan ìyàwó Fábùnmi, Fábùnmi sì yọ idà, ó bẹ́ ajẹ́lẹ̀ lórí. Ìyẹn ló bí Èkìtì Parapọ̀, àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀ bá Ìbàdàn jà. Ògèdèǹgbé Iléṣà wá di olórí ogun wọn, ìbọn tuntun dé láti ọ̀nà Èkó, ó ń dún kírìjì, kírìjì, títí ogun fi gba orúkọ ìró rẹ̀. 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà. Ẹ pe ọmọdé èyíkéyìí kó wá pìtàn yìí: á sọ ti Fábùnmi, á sọ ti Ògèdèǹgbé, á sọ ti Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn. Obìnrin tí wọ́n tìtorí rẹ̀ yọ idà, kò ní sọ̀rọ̀ kankan títí ìtàn á fi parí.

Bí tíṣà tó kọ eré náà bá ti wá fi ọ̀rọ̀ sí obìnrin yẹn lẹ́nu, ipa tó le jù lọ ló gbé fún ọmọ yín. Ọmọ tó máa gbé idà onípákó, tó máa pariwo, tó máa ṣubú kú, kíláàsì kan lè fún mi ní ogún irú wọn. Ẹni tó máa dúró jẹ́ẹ́ láàárín gbọ̀ngàn, tí kò ní gbé ohun kankan lọ́wọ́, tí igba ọmọkùnrin tó ń pariwo á sì dákẹ́ nítorí rẹ̀, ọ̀kan ni mo máa ń rí lọ́dún. Lọ́dún mìíràn, mi ò rí rárá. Tíṣà yín ti rí nǹkan lára ọmọ yẹn.

Ní ti gèlè, ẹ bi bàbá bóyá wọ́n ti wo Ẹ̀pà, eégún onígi ti Èkìtì, rí. Igi ńlá tí wọ́n gbẹ́ ni ẹni tó ń jó o máa ń gbé karí. Ẹ lè rí jagunjagun lórí ẹṣin níbẹ̀, ẹ sì lè rí ìyá ọlọ́mọ tó pọn ọ̀kan sẹ́yìn tí àwọn yòókù yí i ká. Ọkùnrin ló ń rù ú, ọkùnrin tó lágbára pàápàá, nítorí ó ní láti fò gun orí òkìtì tòun ti ẹrù yẹn. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìyá ọlọ́mọ tó rù ti sọ ọ́ di obìnrin. Lọ́dọ̀ àwọn ará Kétu àti Yewa, ọkùnrin ló ń múra bí obìnrin jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, wọ́n fi ń yẹ́ àwọn ìyá sí ni. Bàbá lè ní ti ìṣẹ̀ṣe nìyẹn, pé onígbàgbọ́ lòun. Ó dáa. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì tó dá ilé-ìwé girama sílẹ̀ fún wa ti wá, títí di 1660, ọ̀dọ́mọkùnrin ló ń ṣe ayaba, òun ló ń ṣe ìyàwó ilé, òun náà ló ń ṣe omidan lórí ìtàgé àwọn òṣèré tó fi eré ṣe iṣẹ́, torí wọn kì í jẹ́ kí obìnrin gun orí rẹ̀. Ilé-ìwé ọkùnrin lọmọ yín wà. Bí ọkùnrin ò bá ṣe é, kò sẹ́ni tó máa ṣe é, eré Kírìjì á sì bẹ̀rẹ̀ láìní ìdí tó fi bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe torí ìyẹn ni mo ṣe ń bẹ̀ yín. Ẹ wo ibi tí ọmọ náà ń gbé. Ó jí ní ìdájí, ojú ọkùnrin ló rí. Ó jẹun, ó kàwé, ó fọṣọ, ó sùn, ojú ọkùnrin náà ni. Fún odindi tááàmù kan, obìnrin tó ń rí kò ju àwọn màmá tó ń bu oúnjẹ àti tíṣà bíi mélòó kan lọ. Ohun tí obìnrin jẹ́, ẹnu ara wọn ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, lálẹ́, nígbà tí wọ́n bá ti pa iná. Mo ti ṣe olùtọ́jú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí, mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Kò dára létí. Nínú gbogbo ohun tí ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ń ṣe, mi ò mọ ibòmíràn tí wọ́n ti ń sọ fún ọmọkùnrin kan pé: ìwọ ni wọ́n ṣe báyìí sí, dìde, sọ ohun tó wà nínú rẹ.

Mo fún ọmọ kan ní ipa ìyá ọlọ́mọ lọ́dún kan. Ọmọ gíga ni, agbábọ́ọ̀lù, ìgbésẹ̀ rẹ̀ sì gùn bíi ti ẹni tí mọ́tò fẹ́ fi sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí, ṣùgbọ́n ìrìn ò yí padà. Mo bẹ màmá kan nílé ìdáná kó bá a ró ìró, ìró gidi, dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo ní kó pọn omi láti ẹnu ẹ̀rọ dé ilé ìdáná, kó gbé garawa karí. Ó gbé ẹsẹ̀ bó ṣe máa ń gbé e, ìró fà á padà, omi dà sí i láyà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Ó padà lọ pọn òmíràn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo rí i tó fi ọwọ́ òsì di etí ìró mú, ọrùn rẹ̀ dúró ṣinṣin, ojú rẹ̀ ń wo iwájú, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wá ilẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. Omi ò dà. Nígbà tó fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó wá rí i pé ìkúnlẹ̀ gan-an ní ọgbọ́n tirẹ̀: bí èèyàn ò bá ti fa ìró sókè díẹ̀ kó tó kúnlẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ dìde. Ó jókòó sórí sìmẹ́ńtì ẹnu ẹ̀rọ, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin. Ó ní, “Sà, àbúrò mi máa ń wà lẹ́yìn màmá mi tí wọ́n bá ń ṣe èyí.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò sì fi kún un. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tún bá a sọ̀rọ̀ ìrìn mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ yín rí nìyẹn, màmá. Gèlè tí bàbá ń wò yẹn, aṣọ lásán ni.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀yin lè ṣe tí tíṣà ò lè ṣe. Bí ìyàwó Fábùnmi bá máa sunkún lórí ìtàgé, kó má sunkún bí àwọn inú fíìmù. Alámọ̀ ni kó fi sọ ọ́. Ohùn àwọn ìyá wa ní Èkìtì ni, àwọn obìnrin ló sì mọ̀ ọ́n jù. Bí ìyá yín tàbí ìyá bàbá wọn bá ṣì wà láyé, ẹ mú ọmọ náà lọ bá wọn nígbà ìsinmi oṣù kẹrin, ẹ jẹ́ kó jókòó tì wọ́n, kó fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ìlà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ti tó. Kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe pè é gan-an: kí ilé máa jẹ́ ulé, kí iṣẹ́ máa jẹ́ uṣẹ́. Àwọn ọmọ wa ń tijú èdè yìí torí ilé-ìwé ti fi ìyà jẹ wọ́n lé e lórí tẹ́lẹ̀, ó sì dùn mí púpọ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ kan bá sọ ọ́ sókè níwájú ọ̀gá ilé-ìwé àti àwọn òbí, tí gbogbo gbọ̀ngàn sì pàtẹ́wọ́, ìtìjú yẹn á kúrò lára ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní akólòlò kan nínú ẹgbẹ́ mi rí, tí kì í lè dárúkọ ara rẹ̀ tán nígbà tí wọ́n bá ń pe rẹ́jísítà. Bó bá ti gbé orin tàbí alámọ̀ lẹ́nu, kì í kólòlò. Bó ṣe máa ń rí fún ọ̀pọ̀ akólòlò nìyẹn: ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi ohùn kọ máa ń jáde geere.

Kí ó má dín ohùn kéré kó lè dà bí obìnrin o. Ọmọ ọdún 15 ni, ohùn rẹ̀ ṣì ń yí padà lọ́wọ́ ni, bó bá fi tipátipá gbé e sókè, á ha mọ́ ọn lọ́fun, á sì tún máa já láàárín ọ̀rọ̀. Kó sọ̀rọ̀ ní ohùn ara rẹ̀, kó rọra sọ ọ́, kó sì máa mu omi. Àwọn tó ń wòran á gbà pé obìnrin ni. Ìdúró àti ojú ló ń jẹ́ kí wọ́n gbà, kì í ṣe ohùn tín-ín-rín.

Ó wá ku ibi tí bàbá ti jàre, ìyẹn àkókò. Eré tí wọn ò bá ká lọ́wọ́ kò máa ń jẹ gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọmọ tán. Bí mo ṣe máa ń ṣe tiwa ni ọ̀sẹ̀ 10, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn tí kíláàsì bá ti tú. Wákàtí 30 nìyẹn. Tí ọ̀sẹ̀ ìdánwò bá dé, a ó pa á tì pátápátá, ọ̀sẹ̀ tó bá tẹ̀lé e la ó fi tún un ṣe. Ẹ lọ bá tíṣà tó ń mójú tó o, ẹ lọ fúnra yín, ẹ má fi fóònù ṣe é. Ẹ bi í pé: ọjọ́ wo àti ọjọ́ wo? Ṣé kì í wọ àkókò prep, ìyẹn ìkàwé alẹ́? Ta ló ń dúró tì wọ́n títí wọ́n fi ń tú? Bó bá dáhùn láì wo òkè wo ilẹ̀, ọkàn yín á balẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òru ni wọ́n ń ṣe é, tàbí tí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn SS3 láti máa darí ara wọn, bàbá jàre nìyẹn, ẹ yọ ọmọ yín.

Ẹgbẹ́ mẹ́ta ti pọ̀ jù fún ọmọ SS1. Kó mú eré, kó mú JETS. Kó fi akọ̀ròyìn sílẹ̀ di oṣù kẹsàn-án. Mi ò fojú kéré akọ̀ròyìn, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ara ògiri lè dúró de èèyàn, eré tó ní ọjọ́ kì í dúró. JETS á mú un ṣe ohun tó ń ṣiṣẹ́ lójú gbogbo èèyàn, eré á mú un parí ohun tó bẹ̀rẹ̀. Èmi fẹ́ràn ẹgbẹ́ tó máa ń ní ọjọ́ kan tí ọmọ ò lè sá fún.

Ní ti WAEC: SS1 ni ọmọ wà, ó ṣì ku ọdún méjì. Bó bá ń ṣe Yorùbá, eré onítàn àti ewì alohùn wà nínú iṣẹ́ náà, bó bá sì ń ṣe Lítírésọ̀, eré wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tó ti gbé eré sórí rí, ó mọ ìdí tí ẹni yìí fi wọlé tí ẹni yẹn fi jáde, kò sẹ́ni tó tún máa là á yé e. Mi ò ní sọ fún yín pé eré á mú kó gba A nínú Ìṣirò. Kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Èmi fúnra mi ṣe àṣìṣe kan tí mo fẹ́ kí bàbá gbọ́. Nílé-ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́, òbí kan wá ní kí n yọ ọmọ òun kúrò nínú eré torí èsì rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Mi ò béèrè nǹkankan, mo yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Mo rò pé ó máa fi wákàtí yẹn kàwé. Kò kà á. Ẹ̀yìn ògiri ló ń fò lọ, pẹ̀lú àwọn tí kò ní ohun tí wọ́n ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́, èsì tááàmù tó tẹ̀lé e sì burú ju ti ìṣáájú. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n pè é jókòó, kí n bi í ibi tí ìwé ti ń dà á láàmú. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ṣì ń dùn mí.

Ọmọkùnrin tó bá ń gbé pọ̀ nínú bọ́dìn á dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, a ì báà fẹ́, a ì báà kọ̀. Ẹ̀yin náà ń gbọ́ bí ẹgbẹ́ òkùnkùn ṣe ń wọ ilé-ìwé girama báyìí. Àwọn tó ń kó ọmọ wọ̀ ọ́ mọ ohun tí ọmọ ọdún 15 ń wá: kí wọ́n ní iṣẹ́ fún un, kí wọ́n pè é lórúkọ kan, kí àwọn kan máa retí rẹ̀. Ẹgbẹ́ eléré ní gbogbo rẹ̀, ojúmọmọ ni wọ́n ń ṣe é, tíṣà jókòó síbẹ̀, òbí sì máa wá wò ó. Bóyá bàbá fúnra wọn gbé ìlù Boys' Brigade rí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ẹgbẹ́ yẹn ti wà ní Nàìjíríà láti 1908, ìdí kan náà ló mú kí àwọn àgbà ìjọ gbà á wọlé. Ẹ bi wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rántí nípa rẹ̀.

Owó aṣọ ńkọ́? Ẹ má ra léèsì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín. Kò sí léèsì ní Òkèmẹ̀sí ní 1878. Kíjìpá ló yẹ kí obìnrin yẹn ró, aṣọ tó nípọn tí àwọn ìyá wa ń fi ọwọ́ ara wọn hun. Ẹ wo inú àpótí ìyá àgbà, ẹ ó rí i. Bí ẹ ò bá rí i, aṣọ òfì àtijọ́ tí kò ní dídán lára lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ yá a, ẹ kọ orúkọ yín sí etí rẹ̀ pẹ̀lú òwú, torí aṣọ máa ń sọnù lẹ́yìn ìtàgé.

Ẹ̀yin àti tíṣà gbọ́dọ̀ jọ sọ ọ̀rọ̀ kan tó kù, ẹ má tijú láti sọ ọ́. Ibi tí ajẹ́lẹ̀ ti fọwọ́ kan obìnrin náà, kí wọ́n má ṣe é lójú gbogbo ayé. Àwọn ọmọkùnrin tó ń wòran á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn á ba ohun tí eré fẹ́ sọ jẹ́, á sì lẹ̀ mọ́ ọmọ yín lára nínú bọ́dìn. Kí ajẹ́lẹ̀ wọlé, kí iná lọ, kí ìkòkò kan fọ́ lẹ́yìn aṣọ títa. Kí iná padà dé bá obìnrin náà níbi tó jókòó sí. Ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ alámọ̀. Bí tíṣà bá ní àwọn ọmọkùnrin kan ti ń fi ipa náà ṣe yẹ̀yẹ́, kó pe gbogbo ẹgbẹ́ jọ kó bá wọn sọ ọ́, kó má dá a dá ọmọ yín.

Lọ́jọ́ eré, ẹ bá mi mú bàbá lọ. Ẹ má jókòó síwájú níbi tí wọ́n to àga òbí sí. Ẹ lọ jókòó lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, níbi tí àwọn JSS1 máa ń kóra jọ sí tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Bí ọmọ yín bá ti ń kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ẹ ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ yẹn á sì dákẹ́. Ẹ kọ̀wé sí mi lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí bàbá sọ nínú mọ́tò nígbà tí ẹ ń padà sí Ìjerò.